Ìwé Inú Báàgì Phebe

Ní ọjọ́ tí wọ́n pín ilé Akíndélé Ògúnjìnmí ní Iléṣà, ìyàwó rẹ̀ ló gún iyán tí àwọn tó pín in jẹ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn láti ọjọ́ pípẹ́: ìyàwó ilé ní í dáná ìpàdé ẹbí, ìbáà jẹ́ òun gan-an ni ìpàdé náà fẹ́ lé jáde. Ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ rò ó wò. Iyán náà sì kúnná, kò ní kókó kan.

Òwúrọ̀ Sátidé kan ní ọdún 1996 ni. Akíndélé, tó ń wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀ láràárọ̀, ti lo ogójì ọjọ́ nínú ilẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Phebe Adéjọbí, jókòó ti ògì àti àkàrà nílé ọkọ rẹ̀, kò jẹ, kò mu. Ọkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Tómisìn, wò ó títí, ó gbé ife ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Ṣé o ti fún un?"

"Kí ni mo fẹ́ fún ta ni?"

"Ìwé Akíndélé. Fún ìyàwó rẹ̀. Kí ẹ tó jókòó ìpàdé."

Ìwé tí ọkọ rẹ̀ ń wí ni ìwé ìhágún tí Akíndélé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, pé ilé tí òun kọ́, ti Ọláfúnkẹ́ ìyàwó òun ni, àti ti àwọn ọmọ òun méjèèjì, kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí má bá wọn dá sí i. Ẹyọ kan ṣoṣo ló kọ. Ọ̀dọ̀ Phebe ló wà, nítorí Phebe ló ń tàwé fún àwọn obìnrin, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni wọ́n sì ń kó ìwé wọn pa mọ́ sí.

"Ilé tí mo ti ń tàwé," ni Phebe wí, "ta ló ni ín?"

"Ẹbí yín ni."

"Bí mo bá yọ ìwé yẹn síta lónìí, ibo ni n ó kó ẹrù mi lọ lọ́la? Ṣé owó ìfẹ̀yìntì yín tí wọn ò tíì san láti ọdún tó kọjá la ó fi gba ṣọ́ọ̀bù nígboro?"

"N kò sọ̀rọ̀ owó."

"Ẹni tí kò ní in kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dun ọkùnrin náà, ó sì hàn lójú rẹ̀. Ó mú àkàrà kan, ó pín in sí méjì, kò jẹ ọ̀kankan. "Phebe, bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹ̀bi ọ̀bẹ kọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ kì í ṣe ọ̀bẹ."

"Ẹ̀yin tí ẹ ò wọ ṣọ́ọ̀bù náà rí láti ọdún méje."

"N kò wọ̀ ọ́ lóòótọ́. Mo kàn mọ ohun tí o kọ sí iwájú ẹ̀ ni."

Phebe dìde, ó mú báàgì rẹ̀, ó jáde. Ògì rẹ̀ ti dì.

Ohun tó kọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù náà ni ÌWÉ OBÌNRIN, ó sì ní kí wọ́n bá òun kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: MỌ Ẹ̀TỌ́ RẸ. Yàrá iwájú ilé Ògúnjìnmí ni, níbi tí bàbá wọn àgbà ń kó kòkó sí láyé ọjọ́un, tí òórùn kòkó kò sì tíì kúrò lára ògiri rẹ̀ tán. Ìwé nípa oyún àti ìbímọ wà níbẹ̀, ìwé òfin ìgbéyàwó, ìwé a-bí-dí fún àwọn ìyá tí kò rílé-ìwé lọ, ìtàn tí àwọn obìnrin fúnra wọn kọ. Ṣọ́ọ̀bù Kọ-Ọkọ ni àwọn ọkùnrin àdúgbò ń pè é, wọ́n á sì tún rán ìyàwó wọn lọ ra bírò níbẹ̀. Ìwé kì í fi bẹ́ẹ̀ tà. Àwọn obìnrin á dúró kà á lórí ìdúró, wọ́n á dá a padà síbi tí wọ́n ti mú un, wọ́n á ní, "Ìyá Oníwèé, ó dàárọ̀," wọ́n á padà wá lọ́jọ́ kejì wá bá a lọ láti ibi tí wọ́n kà á dé. Phebe kì í lé wọn. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ẹni tó mọ̀wé á máa kà á sókè fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, wọ́n á jọ jiyàn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ẹlòmíì á sunkún díẹ̀, kálukú á sì gba ilé lọ lọ dáná.

Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí ṣọ́ọ̀bù náà ju ṣọ́ọ̀bù lọ ni àpótí páànù kan tó wà lábẹ́ tábìlì. Kò sí obìnrin tí kò mọ̀ pé bí ọkùnrin bá kú, kí omijé tó gbẹ lójú opó ni àwọn kan nínú ẹbí ọkọ ti ń gbé mátírẹ́ẹ̀sì yẹ̀ wò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó ìwé ìgbéyàwó, rìsíìtì ilẹ̀ àti ìwé báńkì wọn wá bá Phebe. Yóò fi í sínú àpòòwé, yóò kọ orúkọ sí i lára, yóò tì í mọ́ inú àpótí. Mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀. Láti ọdún méje, ọ̀kan kò sọnù rí.

"Ìyá Oníwèé, ẹ káàárọ̀ o," ni Nọ́síràtù tó ń lọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù kí i. "Wọ́n ní Ògúnmọ́lá àbúrò yín ti mú káfíńtà lọ sílé Akíndélé lánàá. Wọ́n ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ló fẹ́ pààrọ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Káfíńtà náà ni. Ó ní iṣẹ́ náà kò wu òun, ṣùgbọ́n wọ́n ti lé ọmọ òun wálé nítorí owó ilé-ìwé." Nọ́síràtù nu ọwọ́ ata mọ́ ara ìró rẹ̀. "Èmi ò bẹ̀rù ṣá. Mo sọ fún wọn pé bí ẹ̀yin bá ti wà nínú ìpàdé, wọn ò ní rí obìnrin yẹn rẹ́ jẹ."

Rìsíìtì ilẹ̀ Nọ́síràtù wà nínú àpótí náà. Phebe kí i kú iṣẹ́, ó ṣílẹ̀kùn.

Kò tíì jókòó dáadáa tí Bàbá Elisha fi wọlé. Àbúrò bàbá wọn ni, òun sì ni olórí ẹbí. Òṣómàáló ni nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó ta aṣọ àwìn kiri títí, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí onítọ̀hún á fi rí owó san. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn obìnrin bí ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ.

"Phebe, ọma mi. O ṣe dáadáa lí ibi yìí."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

"Ulé yìí, bàbá àgbà rẹ ló kọ́ ọ. Àwa la ní kí o máa lò ó. A ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Mo dúpẹ́."

"Ògúnmọ́lá ń wá ibi tí ọma rẹ̀ á ti máa yá àwọn èèyàn ní fíìmù. Ojoojúmọ́ ló ń dà mí láàmú. Mo ní rárá. Mo ní Phebe wà níbẹ̀." Bàbá ń wo àwọn ìwé tó wà lára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ó ń kà wọ́n, bẹ́ẹ̀ kò mọ̀wé. "Akíndélé wí fún mi nígbà kan pé òun kọ ùwé. Wọ́n á bi ọ́ léèrè lónìí. N ò ní kí o purọ́ o. A kì í purọ́ lí ulé wa. Ṣùgbọ́n ùwé pọ̀ lí ibi yìí jù. Ènìyàn lè wá nǹkan láàrin ùwé tó pọ̀ báyìí kó má rí i. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀."

Ó dìde, ó gbé ọwọ́ lé Phebe lórí, ó súre fún un. Ire gidi ni ó sú: àlàáfíà, ọjọ́ ogbó, kí ọjà máa tà. Phebe ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí bàbá lọ tán, Phebe ṣí àpótí, ó mú àpòòwé tó kọ orúkọ Ọláfúnkẹ́ sí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ó fi í sínú báàgì, òun ó mú un dání wọlé, òun ó wo bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe fẹ́ rí. Ọ̀pọ̀ ìwà ibi inú ayé yìí, orí "kí n kọ́kọ́ wo bí yóò ṣe rí" ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kì í ṣe èèyàn búburú ló ń sọ ọ́. Èèyàn rere tó ní nǹkan tí kò fẹ́ pàdánù ni.

Ní agogo méjìlá wọ́n jókòó sí pálọ̀ ilé ẹbí, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Elisha wà níbẹ̀, àti Ògúnmọ́lá tó wọ bùbá tuntun, àti Bàbá Fákúnlé, ìbátan wọn tó jẹ́ alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti àwọn àgbà mẹ́ta mìíràn. Phebe jókòó láàrin wọn nítorí pé ọmọ ilé ni. Ọmọ ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ obìnrin, ọkọ ló jẹ́ fún ìyàwó ilé. Láti ẹ̀yìnkùlé ni ìró odó ti ń wá. Ọláfúnkẹ́ nìkan ló ń gún un, nínú aṣọ dúdú rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé yòókù, tó máa ń yí odó ká lọ́jọ́ mìíràn, olúkúlùkù ti rí ibi tí yóò lọ ní ọjọ́ náà.

Bàbá Elisha gbàdúrà tó gùn. Ó fi opó àti ọmọ aláìníbaba lé Ọlọ́run lọ́wọ́, bí ẹni pé Ọlọ́run nìkan ló kù tó lè rí ti wọn rò.

Ògúnmọ́lá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ilé ẹ̀gbọ́n òun kò gbọdọ̀ bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Ó ní Ọláfúnkẹ́ kò tíì darúgbó, bó bá lọ fẹ́ ọkọ mìíràn, ṣé ọkọ náà ni yóò wá máa na ẹsẹ̀ ní pálọ̀ Akíndélé? Ní ti àwọn ọmọ, ó ní èyí ọkùnrin á wá sọ́dọ̀ òun, èyí obìnrin á lọ sọ́dọ̀ Bàbá Elisha, torí pé ọmọ Ògúnjìnmí ni wọ́n. Àwọn àgbà ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ ṣe sùúrù," ni Bàbá Fákúnlé wí. "Mo gbọ́ pé olóògbé kọ ìwé. Bó bá kọ ọ́, ohun tó wí ló wí, kí a má pín nǹkan tí olówó rẹ̀ ti pín. Phebe, ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n ní ó wà. Ṣé òótọ́ ni?"

Ìró odó dákẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé.

Bàbá Fákúnlé fẹ́ mọ òótọ́, ó sì hàn bẹ́ẹ̀. Bí Phebe bá ti yọ ìwé náà lásìkò yẹn, òun nìkan kọ́ ni yóò dúró. Phebe mọ̀ bẹ́ẹ̀. Báàgì wà lórí itan rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí báàgì. Ó rí àwọn ìwé rẹ̀ níta nínú òjò, ó rí fíìmù lára ògiri tó ń run kòkó, ó rí bẹ́ǹṣì Ọjọ́bọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé. Ó gbé ojú sókè, ó bá ojú Bàbá Elisha pàdé.

"Mo wá a títí," ni Phebe wí. "N kò rí i."

Ọláfúnkẹ́ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó dé ibẹ̀. Ó wo Phebe. Kò wò ó pẹ́. Ó rọra fi ọmọ odó ti ògiri, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá mi. Ẹ má bi Ìyá Oníwèé mọ́. N kò kó o fún wọn. Ọ̀dọ̀ mi ló wà. Èmi ni mo sọ ọ́ nù nígbà tí a ń kó wọnú ilé tuntun."

Bàbá Fákúnlé tẹjú mọ́ ọn. "Ṣé bó ṣe rí nìyẹn, ọmọ mi?"

"Bó ṣe rí nìyẹn, sà. Ilé yín, ẹ gbà á. Mo bẹ̀ yín ni, ẹ fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún mi. Ohun tí ẹ bá kọ, n ó fọwọ́ sí i. N kò ní pè yín lẹ́jọ́ láéláé. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ọmọ yín náà sì ni wọ́n."

Ògúnmọ́lá ló tètè gbà. Ilé ló ń wá, kò wá ẹnu tí yóò máa bọ́. Wọ́n kọ ọ́ síwèé lójú ẹsẹ̀: Ọláfúnkẹ́ kò ní ohunkóhun í bá ilé náà ṣe mọ́, àwọn ọmọ á wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí wọ́n á fi dàgbà, yóò kó jáde lónìí. Bàbá Elisha fi kún un lẹ́nu pé bí wọ́n bá rí i pé ó tan àwọn jẹ níbì kan, àwọn á gba àwọn ọmọ. Ọláfúnkẹ́ ní òun gbọ́. Ó tọrọ àyè lọ fọ iyán kúrò lọ́wọ́, ó padà wá, ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló gbé oúnjẹ wá.

Wọ́n jẹun, wọ́n yin ọbẹ̀. Bàbá Elisha bu ẹran ìgbẹ́ ńlá kan sínú àwo Phebe, ó ní, "Fi èyí jẹ ẹ́, ọma mi." Phebe jẹ ẹ́. Bí kò bá jẹ ẹ́, wọ́n á bi í pé kí ló dé.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin ń fi ìgò omi tútù lé iyán, Phebe jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Ọláfúnkẹ́ ń fọ odó. Phebe dúró tì í, ó ṣí báàgì.

"Ọláfúnkẹ́. Ó wà níbí."

"Mo mọ̀, ìyá mi."

"Gbà á. Jẹ́ ká jọ padà wọlé. N ó sọ fún wọn pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Bàbá Fákúnlé á gbè wá."

Ọláfúnkẹ́ na ọwọ́ tútù, ó pa ẹnu báàgì náà dé fún un. "Ẹ má yọ ọ́. Ẹ ṣáà gbọ́ ohun tí Bàbá wí. Bó bá jáde báyìí, wọ́n á ní mo tan àwọn jẹ, wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí iyán wà nínú odó ni mo nílò ẹ̀."

Phebe fẹ́ kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ omi odó náà, òun tí obìnrin yìí ti ń kúnlẹ̀ kí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé wọn, ṣùgbọ́n Ọláfúnkẹ́ di apá rẹ̀ mú.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á rí yín."

"Kí ló dé tí o gbà mí sílẹ̀?"

"Ẹ̀yin kọ́ ni mo gbà sílẹ̀," ni Ọláfúnkẹ́ wí. Ó da omi odó nù, ó sì lọ di ẹrù rẹ̀.

Phebe padà sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, àwọn àgbà ti wí bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ó sì dùn ún dé egungun. Kì í ṣe pé kò mọ ohun tó tọ́. Ó ti tà á fún àwọn ẹlòmíì láti ọdún méje, ó ti kà á fún wọn, ó ti ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹni tí kò yé. Nígbà tó kàn án, ó wá ẹnu rẹ̀ tì. Nọ́síràtù yọjú lẹ́ẹ̀kan, ó rí ojú rẹ̀, ó lọ pa ẹ̀rọ ata rẹ̀.

Oòrùn ti ń lọ sílẹ̀ nígbà tí obìnrin kan tí Phebe kò rí rí wọlé. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ó pọn ọmọ, eruku sì kún ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Ṣé ẹ̀yin ni Ìyá Oníwèé? Cecilia lorúkọ mi. Ilé wa ló kọjú sí ilé Bùrọ̀dá Akíndélé."

"Ẹ jókòó," ni Phebe wí.

"N kò jókòó, mà, mi ò tíì dáná. Mo bá Àǹtí Ọláfúnkẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù sínú mọ́tò. Mo ní kí ló ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní ìwé ló sọnù lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n ní ká ní àwọn ti gbé e wá bá yín lásìkò ni, àwọn ì bá wà nínú ilé àwọn lónìí." Ó tú ìdí ìró rẹ̀, ó mú ìwé kan jáde tó ká sí mẹ́rin, ìwé ìgbéyàwó rẹ̀ ni. "Wọ́n ní kí n má jẹ́ kó di ọ̀la. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ yín nìkan ni nǹkan obìnrin kì í tí í sọnù."

Phebe wo ìwé náà. Bó bá sọ òtítọ́ fún obìnrin yìí, kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo obìnrin tó ní ìwé nínú àpótí á ti wá kó ìwé wọn padà sábẹ́ mátírẹ́ẹ̀sì, níbi tí àwọn ẹbí ọkọ ti mọ̀ ọ́n wò. Ó wá yé e ẹni tí Ọláfúnkẹ́ gbà sílẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gba ìwé náà, ó wá àpòòwé tuntun, ó kọ orúkọ Cecilia sí i. Ó pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán.

"Mà, èló ni mo máa san?"

"O ò ní san nǹkan kan," ni Phebe wí. "Wọ́n ti san án."

Cecilia rò pé ṣọ́ọ̀ṣì kan ló ń sanwó náà. Ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rẹ̀ wọ́n.